Ohùn Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Ń Gbọ́

Aláriwo ni wọ́n bí mi. Ní Ṣábẹ̀ tí mo dàgbà sí, bí ìyá mi bá ń wá mi, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á dúró lẹ́yìnkùlé, á tẹ́tí sílẹ̀, á sì mọ ilé tí mo ti ń jà. Wọ́n nà mí nítorí ohùn yìí, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bàbá mi fi bẹ́líìtì nà mí, olùkọ́ fi rúlà onígi gbá mi lórí ìka títí ọwọ́ fi wú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì lù mí lẹ́nu tí eyín kan fi ń mì dòní. Kò ràn mí. Iṣẹ́ tẹlifóònù tí mo ṣe fún ọdún méje ní Parakou ló wá pa ohùn náà mọ́ mi lẹ́nu, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí pé mo jẹ́ kó pa á.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ni, ní ẹ̀bá Zongo, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń gbéra lọ sí Malanville àti ààlà Niger. Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà nídìí sítáńdáà, ìyẹn ẹ̀rọ tí gbogbo ìpè ń gbà wọlé kí n tó pín wọn fún àwọn tó ni wọ́n. Kì í ṣe ibi ìrọ̀rùn. Àwọn awakọ̀ ń jà níwájú mi bí ẹni ń jẹun. Mo ti rí èyí tó fi orí kan ẹnìkejì rẹ̀ nímú, tí ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìwé tí mò ń kọ ìpè sí, tí èmi sì ń wí fún oníbàárà lórí ìlà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Ọ̀gá wa náà kò yàtọ̀ sí wọn, àfi pé ó máa ń so táì mọ́rùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà lọ́wọ́ tí ìpè mìíràn dé fún un, ńṣe ni mo máa ń kígbe sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Malanville wà lórí ìlà kejì o!" Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò ńlá kan gbọ́ igbe mi nínú tẹlifóònù, ó sì mọ̀ pé ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ ń du ọjà ní Malanville ló ń pè wá. Ó bínú, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀gá jáde wá, ó gbé ẹ̀rọ tí a fi ń kan ìwé pọ̀, ó jù ú mọ́ mi, ó bà mí léjìká. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ ohùn mi nínú ilé yẹn, ìta ni màá bá ara mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èjìká náà fi dúdú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ra tẹlifóònù tuntun wá láti Cotonou. Ẹni tó wá tò ó fi bọ́tìnnì kan hàn mí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn mi á wọ inú etí ẹni tí mo fẹ́ nìkan, kódà bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ náà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kásìkì ni gbogbo wa ń lò, èyí tí wọ́n ń há mọ́ etí kan, tí ẹnu rẹ̀ sì ń nà wá síwájú ẹnu èèyàn. Nítorí pé ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ sí létí kò lè dá mi lóhùn kí oníbàárà má gbọ́, ikọ́ ni a fi ṣe èsì. Ikọ́ kan: sọ pé n kò sí. Ikọ́ méjì: jẹ́ kó dúró, mò ń bọ̀. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ mi kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, kò sì gbọdọ̀ ní ohùn nínú, èémí lásán ni kó jẹ́, kí ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún má baà ta gìrì.

Mo kọ́ ọ. Aláriwo ọmọ Ṣábẹ̀ di ẹni tó ń mí sí èèyàn létí. Ó ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Ọkùnrin kan ló ń tọ́jú ilé ẹrù wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Ìdàáṣà nígbà kan, mo mí "Ẹ̀gbọ́n yín" sí i létí. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó jáde wá bá mi, ó ní ẹ̀gbọn ara ajá wo ló ti mọ tẹlifóònù í lò. Bí ohùn bá ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀, òkè àti ilẹ̀ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀gbọn di nǹkan kan náà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa. Òmùgọ̀ ni mí, n kò ronú kọjá ẹ̀rín yẹn.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ló ń ṣètò àwọn ọkọ̀: èwo ló gbéra, èwo ló bàjẹ́ lọ́nà, ta ló ni ẹrù inú rẹ̀. Ọmọ Kétu ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó lè bú awakọ̀ ní Dendi, kó bẹ oníbàárà ní Faransé, kó sì yẹ̀yẹ́ mi ní Yorùbá, láàárín ìṣẹ́jú kan. Awakọ̀ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ á dúró níwájú rẹ̀, á máa wolẹ̀. Nílé, ọkọ rẹ̀ ń lù ú bí ẹni ń lu aṣọ lórí òkúta.

Olùkọ́ ni ọkọ náà. N kò rí i rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń rí. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n á fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Mo rí ìka márùn-ún lọ́rùn rẹ̀, mo lè kà wọ́n. Mo rí ibi tó da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, nígbà tí mo bá a fi òróró pa á nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé iṣẹ́, tó ń bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ kó má baà ké. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wá àwọn awakọ̀ méjì, kí wọ́n lọ fọ́ ọ lẹ́sẹ̀." N kò ṣàwàdà. Ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, ẹbí ti ń bá wọn sọ ọ́. Ẹbí sọ ọ́ títí, ohun tí wọ́n sì rí sọ ni pé kó máa fi sùúrù tu ọkọ rẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ tí ọkọ náà yọ ọ̀bẹ sí i, ẹ̀gbọ́n kó lọ sí ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Banikanni. Ọkọ kò mọ ilé náà, ibi iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ìgbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí pè.

"Bọ́ńjúù, màdáàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

Ohùn náà dùn létí, ohùn ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọdé. Bí mo bá ní kò sí, á sọ, pẹ̀lú ohùn kan náà, láìyára: "Ẹ sọ fún un pé màá fọ́ orí rẹ̀. Mèsí, màdáàmù." Ó lè pè nígbà mẹ́wàá kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Gbogbo ìgbà ló ń kí mi.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀ sí òun létí mọ́, ọ̀rọ̀ máa ń já mọ́ òun lẹ́nu, oníbàárà sì ń gbọ́ ọ. A wá orúkọ mìíràn fún un. "Òjò" ni. Bó bá pè, màá mí "Òjò" sí i létí, á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sọ pé kò sí. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni nígbà náà, ewé igi ti gbẹ tán ní gbogbo Parakou, èmi sì ń sọ òjò sí obìnrin kan létí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ni mo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sínú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti inú. Ó fi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Malanville ti bàjẹ́ lọ́nà láti àná. Àlùbọ́sà ń jẹrà, obìnrin oníṣòwò tó ni ín ní ọjà Arzèkè sì ti ń bú ẹ̀gbọ́n lórí ìlà láti ìgbà tí a ti ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ ní òun ti tún un ṣe, òun ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò jókòó. Nígbà tó kọjá níwájú mi lọ mu omi, ó dúró.

"Bí ọkọ̀ mi bá dé, ṣáà ti sọ ọ́ sí mi létí. Kíá ni màá jáde. Àlùbọ́sà yìí fẹ́ pa mí."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Òjò ńkọ́?"

"Kò tíì pè láàárọ̀ yìí."

Ó gbá mi lórí, bó ṣe máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn, ó padà sínú yàrá rẹ̀. Inú tèmi náà dùn. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí ọkùnrin tó ń pè lójoojúmọ́ fi dákẹ́.

Irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, irin gígùn tí wọ́n fi ń tú táyà, tí awakọ̀ kan fi sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ láàárọ̀, mo bú awakọ̀ náà dé orí ìyá rẹ̀, ó ní òun máa gbé e. Kò gbé e. Èmi náà kò gbé e. Ẹ̀ṣọ́ wa ti lọ sí ẹnu géètì ẹ̀yìn láti dúró de ọkọ̀ àlùbọ́sà.

Ọkùnrin kan wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bíìrò méjì wà nínú àpò àyà rẹ̀. Mo rò pé oníbàárà ni. Ó ní, "Bọ́ńjúù, màdáàmù," mo sì dá ohùn náà mọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Irin náà wà níbẹ̀, ó fi í lé ẹ̀gbẹ́ itan bí ẹni gbé agboòrùn.

"Ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

"Kò sí," ni mo wí.

Kò halẹ̀ mọ́ mi. Èyí ni kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí mo ti sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lọ́nà mìíràn. Kò sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí mi, kò gbé irin sókè. Ó kàn wò mí, láti orí títí dé ibi tí tábìlì bo ara mi dé, bí ẹni ń wo igi tó fẹ́ gé. Ó wá kẹ̀yìn sí mi, ó wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà ní pípadé, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ atútù ń kùn nínú gbogbo yàrá, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó wọlé. Àwọn awakọ̀ mẹ́ta ń jẹ̀wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Bí mo bá ti lo ohùn tí wọ́n bí mọ́ mi, Zongo á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n á yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn awakọ̀ á sáré wọlé.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ tí a jọ yàn, òjò, fò lọ kúrò lórí mi pátápátá. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kásìkì, mo mí i sínú rẹ̀ pé, "Ọkọ yín dé."

Ó húkọ́. Lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ ohun tó gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ló gbọ́. Mo ṣì ní àkókò, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti orí àga rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu. Ọkùnrin náà ti gbọ́ tí mo mí, ó ti yíjú padà sí mi. Mo pa ẹnu dé.

Ilẹ̀kùn kẹta ṣí. Ó jáde wá pẹ̀lú kásìkì lórí, wáyà gígùn rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e láti inú yàrá, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dé? Ọlọ́run ṣeun! Níbo ló wà?"

Irin náà bà á ní ẹ̀gbẹ́ orí òsì. Kásìkì fọ́ sínú etí rẹ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe fọ́ nínú kásìkì tèmi. Ó fi ẹ̀yìn lu ògiri, ó gbé apá sókè, ọkùnrin náà sì fọ́ apá náà. Egungun dún. Ẹ̀gbọ́n ṣubú, ọkùnrin náà na èjìká rẹ̀, ó na ẹ̀yìn tó da omi gbígbóná sí ní ọjọ́sí, ó ń ṣe é bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ̀gbọ́n ló ké. Igbe tirẹ̀ ló mú àwọn awakọ̀ wọlé. Wọ́n gbá ọkùnrin náà mú láti ẹ̀yìn, wọ́n gbé e lu ilẹ̀, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu títí eyín fi fọ́n ká lórí símẹ́ǹtì, bíìrò rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ láàárín ẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n pa á níbẹ̀, n kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìlà obìnrin oníṣòwò tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ ṣì ń tàn níwájú mi. Mo ń gbọ́ ọ, "Alóò? Alóò? Kí ló dé?" Ọwọ́ mi tẹ ìlà náà fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ ọ̀gá. Ọkọ̀ àlùbọ́sà wọlé kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ náà tán, awakọ̀ rẹ̀ ń fun fèrè.

Ọkùnrin náà wà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n kò kú. Apá náà jiná ní wíwọ́, etí òsì kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá pè wá jọ, ó ní kí gbogbo wọn wò mí, ó ní bí jàgídíjàgan náà ti tó, orí mi kò dàrú, mo ṣì rántí kìlọ̀ fún ẹnìkejì mi ní ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dúró, mo gbà á. Ó ṣe mí bíi kí n gbá àwọn ẹnu tó ń yìn mí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó wá bọ́ sórí tèmi.

Èyí tó burú jù ni ohun tí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń sọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ẹjọ́ etí rẹ̀ ló ń rò fún mi.

"O sọ fún mi. Etí mi ló tàn mí. O ní ọkọ, mo gbọ́ ọkọ̀. Àlùbọ́sà ló kún orí mi. Ọlọ́run kúkú ti gba etí náà lọ, kò wúlò."

Màá ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n." N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi jẹ́ kó máa bú etí ara rẹ̀ níwájú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ bá a ní Banikanni. Ó jókòó lórí àpótí nínú àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ọwọ́ kan, èkejì wà lórí itan rẹ̀ bí nǹkan tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo yàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ etí, n kò sì lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo tẹ orí sún mọ́ ọn, mo mí i, ní ohùn tí wọ́n fi ń sanwó fún mi:

"Etí yín kò tàn yín. Ọkọ yín ti kẹ̀yìn sí mi. Mo lè pariwo. Mo bẹ̀rù orí ara mi."

Mo ti sọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ fún yín pé ó balẹ̀.

Ó rí i pé ẹnu mi ń lọ. Ó yíjú sí mi. "Kí lo wí? Ẹ̀gbẹ́ ibí ni kó o wá. Pariwo ẹ̀, kí n gbọ́."

Mo lè ní kò sí nǹkan. Mo lè ní mò ń béèrè àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde, ọdún méje ló wà lórí rẹ̀. Mo tún un là. Ó wá jáde, ohùn tí ìyá mi fi ń wá mi ní Ṣábẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo kígbe pé mo lè pariwo lọ́jọ́ náà. Mo kígbe pé n kò pariwo nítorí ó wò mí, ẹ̀rù sì bà mí kó má baà jẹ́ èmi ló máa kọ́kọ́ lù. Mo kígbe pé mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo mọ ohun tó gbọ́, mo sì pa ẹnu mi dé. Adìyẹ fò kúrò nínú àgbàlá. Àbúrò ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, àwọn ará ilé kejì na ọrùn lórí ògiri, n kò dákẹ́ títí ọ̀fun fi ta mí.

Ẹ̀gbọ́n gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀, ó fọwọ́ kan án pẹ́. Kò sunkún, kò gbá mi létí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti gbé ojú mi síwájú rẹ̀ kó gbá a.

Ó ní, "Ṣé o mọ ariwo pa tó báyìí?"